Signal, Matrix, XMPP tàbí ímeèlì: èwo ló bá ẹgbẹ́ yín mu?

Kò sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó jókòó ìpàdé yan WhatsApp. Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn wà, ibẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ bá ara rẹ̀. Akọ̀wé wà n'Íbàdàn, akápò wà ní Peckham, àwọn kan wà ní Houston, ìyá ẹgbẹ́ sì wà nílé tó jẹ́ pé ohùn nìkan ló máa ń fi ránṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ a máa lọ geere títí dọjọ́ tí kò ní lọ mọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àṣẹ kan tí wọ́n fi ń ṣàtúnṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì Facebook já gbogbo ilé ẹ̀rọ wọn kúrò lára íntánẹ́ẹ̀tì. WhatsApp, Facebook àti Instagram dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà fún nǹkan bíi wákàtí 6, kárí ayé.

Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń béèrè pé, ṣé kò sí èyí tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni? Ó wà, ó sì ti pẹ́ tó ti wà. Mẹ́rin ni mo fẹ́ gbé sórí òṣùwọ̀n níbí: ímeèlì, XMPP, Matrix àti Signal. Signal kò ṣí sílẹ̀ tán bí àwọn mẹ́ta yòókù, ṣùgbọ́n òun ni orúkọ tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ tí ẹ bá béèrè, nítorí náà mi ò lè fò ó.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ṣíṣí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ṣí sílẹ̀ ni èyí tí ìlànà rẹ̀ wà ní gbangba, tí ẹnikẹ́ni lè gbé server (kọ̀ǹpútà tó ń gba ọ̀rọ̀, tó sì ń fi í ránṣẹ́) tirẹ̀ kalẹ̀, tí server méjì tí kò mọ ara wọn rí sì lè gbé ọ̀rọ̀ fún ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà lórí Gmail fi ń kọ̀wé sí ẹni tó wà lórí Yahoo láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èrè ibẹ̀ ni pé tí ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà yín sílé bá sú yín, ẹ lè kó lọ síbòmíràn, kí ẹ sì máa bá àwọn èèyàn yín sọ̀rọ̀ lọ.

Ààbò ló kàn, ojú méjì ló sì ní. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ lè wà ní títì láti fóònù dé fóònù, kí server tó ń gbé e má lè kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó kọ ọ́ sí, àkókò àti iye ìgbà, àwọn yẹn dà bí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn àpòòwé: ẹni tó ń gbé lẹ́tà kò lè ṣàìrí i. Níbi ẹ̀yìn àpòòwé yìí gan-an ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti yàtọ̀ síra jù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò.

Lẹ́yìn náà, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù tí kò lágbára, pẹ̀lú dátà tí wọ́n ń rà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni owó, àti ẹni tí yóò máa bójú tó o. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa bójú tó o yìí borí gbogbo yòókù. Server tó ṣí sílẹ̀ tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ burú ju ti ilé-iṣẹ́ ńlá lọ.

Mo yọ agbára íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kúrò nínú òṣùwọ̀n. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lẹ́bàá Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ lọ kò ní áàpù tó lè sáré wọ̀.

Ímeèlì

Ray Tomlinson ló kọ́kọ́ fi ímeèlì ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní 1971, òun náà ló fi àmì @ sáàárín orúkọ àti àdírẹ́sì. Ìlànà SMTP tó ń gbé e kiri jáde ní 1982. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yín ló ti ní in, títí kan ẹni tó ń búra pé òun kò ní: bóyá ẹni tó ta fóònù fún un ló bá a ṣí Gmail kí Play Store tó lè ṣiṣẹ́.

Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ ni sùúrù. Tí server tó yẹ kó gba lẹ́tà bá kú, èyí tó fi ránṣẹ́ kì í ju lẹ́tà nù, á máa gbìyànjú léraléra fún ọjọ́ 4 sí 5 kó tó dá a padà. Kò sí èyí tó fọ́n káàkiri tó o nínú gbogbo wọn.

Ní ti ààbò, kò fi bẹ́ẹ̀ dára. Server àti server sábà máa ń ti ọ̀nà àárín wọn lónìí, ṣùgbọ́n server fúnra rẹ̀ lè ka ohun tó wà nínú lẹ́tà. Phil Zimmermann gbé PGP, ètò tó ń ti lẹ́tà láti ẹni dé ẹni, jáde ní 1991 láti tún èyí ṣe, àmọ́ títí dòní kò tíì dé ọwọ́ èèyàn lásán, nítorí pé ìtọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń fún àwọn onímọ̀ pàápàá ní wàhálà. Delta Chat gba ọ̀nà mìíràn: ojú rẹ̀ jọ ti WhatsApp, ímeèlì ló ń lò lábẹ́lẹ̀, ó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀, kò sì béèrè nọ́ńbà fóònù. Ẹ dán an wò.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé server ímeèlì tiyín kalẹ̀. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Gmail àti Yahoo ti túbọ̀ le mọ́ àwọn tó ń fi lẹ́tà púpọ̀ ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá to SPF, DKIM àti DMARC rẹ̀ (àwọn ètò tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní òun kọ lẹ́tà ló ti wá lóòótọ́) dáadáa, inú Spam ni ìwé ìpàdé rẹ̀ máa sùn.

XMPP

XMPP kì í ṣe áàpù, ìlànà ni. Jeremie Miller ló gbé e jáde ní 1999 lórúkọ Jabber, àjọ IETF tó ń kọ ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2004. Ẹni tó bá rò pé ohun ìṣeré àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni, kó mọ̀ pé ejabberd, tó jẹ́ server XMPP, ni WhatsApp fi bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó tún un rọ títí tí kò fi jọ ara rẹ̀ mọ́. Google Talk náà lò ó: láti 2006, ẹni tó wà lọ́dọ̀ Google lè bá ẹni tó wà lórí server kékeré kan sọ̀rọ̀. Hangouts, tó rọ́pò Google Talk, dé ní 2013, ilẹ̀kùn yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Mo máa ń rán àwọn tó bá ní "ó ṣáà ti ṣí sílẹ̀" létí èyí. Ìlànà lè ṣí sílẹ̀ o, kí ilé-iṣẹ́ ńlá tó wọ inú rẹ̀ tún dìde lọ, kó sì kó èrò dání.

Òun ló fúyẹ́ jù nínú wọn. Ọ̀rọ̀ lásán kì í jẹ dátà, ó máa ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó jẹ́ pé àwòrán kò ní lè kọjá níbẹ̀. Server Prosody lè gbé ẹgbẹ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn lórí ẹ̀rọ àyálò tí kò ní ju RAM 1GB lọ, owó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì wà ní nǹkan bíi dọ́là 5 lóṣù. Ẹni tó wà lókè òkun ni kó máa san án, káàdì náírà lè kọ̀ lọ́jọ́ tí owó bá tó san, kí server sì lọ.

Lórí fóònù ni ẹjọ́ pọ̀ sí. Conversations ni mo máa ń júwe fún ẹni tó ń lo Android, Monal fún ẹni tó ń lo iPhone. Àwọn fóònù bíi Tecno, Infinix àti itel a máa pa áàpù tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ kí bátìrì lè pẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láàárọ̀ á wá dé lọ́sàn-án, nígbà tí ẹni náà bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí áàpù. Kí ẹ tó sọ pé server kò dára, ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi Battery, kí ẹ gba Conversations láyè láti máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Kò gba àkókò, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é lórí fóònù kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fi áàpù náà sí i.

OMEMO ló ń ti ọ̀rọ̀ láti fóònù dé fóònù níhìn-ín. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí jabber.ru ní 2023 kí ẹ lè mọ ìwúlò rẹ̀. Server àwọn ará Rọ́ṣíà ni, àmọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Hetzner àti Linode, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yáni ní server, ní Jámánì. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá, ẹni tó ń bójú tó o rí i pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé, wọ́n á ní ìwé ẹ̀rí server (èyí tó ń fi hàn pé server tòótọ́ lẹ bá pàdé) ti lo ọjọ́ rẹ̀ tán. Ó yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò, ìwé ẹ̀rí tó wà níbẹ̀ kò tíì lo ọjọ́ tán. Ìwé ẹ̀rí mìíràn, tí òun kò gbà rí, ni àwọn èèyàn ń bá pàdé. Ẹnìkan ti dúró sójú ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ oṣù: ó gba ìwé ẹ̀rí tòótọ́ lórúkọ jabber.ru lọ́dọ̀ Let's Encrypt, àjọ tó ń fúnni ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó ń ṣí ohun tó ń kọjá, ó ń tì í padà, kò sì sí ẹni tó fura. Ọjọ́ tí kò sọ ìwé ẹ̀rí yẹn dọ̀tun ni àṣírí tú. Àwọn tó tú ọ̀rọ̀ náà wò gbà pé agbófinró ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń lo OMEMO ṣì wà ní títì. Ẹ̀yìn àpòòwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti kà.

Matrix

Ìlànà ni Matrix náà, bíi XMPP. Matthew Hodgson àti Amandine Le Pape ló ṣáájú àwọn tó gbé e jáde ní 2014. Element ni áàpù rẹ̀ tó lókìkí jù. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé gúrúùpù kò ní ilé kan ṣoṣo. Tí ọmọ ẹgbẹ́ yín bá wà lórí server mẹ́ta, server mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ẹ̀dà gúrúùpù náà, kò sì sí èyí tó lè ní òun ni olówó rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ibi tí server matrix.org ń tọ́jú dátà rẹ̀ sí bàjẹ́, ó sì gbà tó nǹkan bí ọjọ́ kan kó tó padà bọ̀ sípò. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò jù. Síbẹ̀ àwọn tó wà lórí server mìíràn ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ìyẹn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ṣí sílẹ̀ ń ṣèlérí, ọjọ́ yẹn ni ẹ rí i pé kì í ṣe ẹnu lásán.

Abájọ tí ìjọba fi fẹ́ràn rẹ̀. Orí rẹ̀ ni ìjọba Faransé kọ́ Tchap sí fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn, orí rẹ̀ náà ni BwMessenger àwọn ológun Jámánì wà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dà púpọ̀ túmọ̀ sí ẹ̀yìn àpòòwé púpọ̀. Gbogbo server tó ní ọmọ ẹgbẹ́ nínú gúrúùpù ló mọ àwọn tó wà níbẹ̀ àti ìgbà tí kálukú sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Martin Albrecht, Sofía Celi, Benjamin Dowling àti Daniel Jones tẹ iṣẹ́ ìwádìí wọn jáde, wọ́n fi hàn pé server tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ lè rí ọ̀nà dé ibi ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà ní títì. Wọ́n tún èyí tó burú jù nínú rẹ̀ ṣe. Àwọn kan kà á sí àbùkù, èmi ò kà á bẹ́ẹ̀: nítorí pé ìlànà náà wà ní gbangba ni wọ́n fi lè yẹ̀ ẹ́ wò débẹ̀.

Ní ti ìṣiṣẹ́, ó wúwo. Synapse, server tí ọ̀pọ̀ ń lò, a máa jẹ RAM. Ẹ má ṣe gbé e sórí ohun tó kéré sí 2GB, ibi ìpamọ́ rẹ̀ á sì máa kún bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Element àtijọ́ lè máa yí gbirigbiri kó tó ṣí gúrúùpù ńlá. Element X yá ju èyí lọ fíìfíì, òun ni kí ẹ lò. Ẹjọ́ tí ẹ máa gbọ́ jù ni ti kọ́kọ́rọ́: ẹni tó bá pààrọ̀ fóònù láìtọ́jú kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rẹ̀ á wọlé, á rí orúkọ gbogbo èèyàn, ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá á sì wà ní títì sí i. Kò sí alákòóso tó lè ṣí i fún un. Ẹ jẹ́ kó kọ kọ́kọ́rọ́ náà sórí bébà, kó fi sínú Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀, ibi tó dá a lójú pé kò ní sọnù.

Ẹnìkan máa sọ fún yín pé afárá wà tó lè so Matrix mọ́ WhatsApp. Ó wà lóòótọ́. Afárá náà gbọ́dọ̀ ṣí ọ̀rọ̀ kó tó gbé e sódì kejì, nítorí náà ẹni tó ni ẹ̀rọ tí afárá wà lórí rẹ̀ lè kà á.

Signal

Kóòdù tí wọ́n fi kọ áàpù Signal wà ní gbangba, ìlànà tó fi ń ti ọ̀rọ̀ náà wà ní gbangba, WhatsApp gan-an sì ń lo ìlànà yẹn láti 2016. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ló wà. Ẹ kò lè gbé server tiyín kalẹ̀ kó máa bá tiwọn sọ̀rọ̀. Moxie Marlinspike tó dá a sílẹ̀ sọ ọ́ ní 2016 pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó fọ́n káàkiri kì í tètè yí padà. Mo gbà fún un dé ìwọ̀n àyè kan: títí dòní, kì í ṣe gbogbo áàpù XMPP ló gbọ́ OMEMO.

Níbi ẹ̀yìn àpòòwé, kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní 2016, ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n mú ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ẹnìkan wá. Ohun tí wọ́n ní láti fi sílẹ̀ kò ju ọjọ́ tí ẹni náà forúkọ sílẹ̀ àti ọjọ́ tó wọlé kẹ́yìn lọ.

Ẹ kò ní san kọ́bọ̀, ẹ kò sì ní bójú tó ohunkóhun. Ọrẹ ló ń gbé e ró, pẹ̀lú mílíọ̀nù 50 dọ́là tí Brian Acton, ọ̀kan nínú àwọn tó dá WhatsApp sílẹ̀, fi bẹ̀rẹ̀ Signal Foundation ní 2018. Ẹ̀rọ tó wà lójú kan náà ni àléébù rẹ̀. Nígbà tí èrò ń sá kúrò lórí WhatsApp ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ó wó lábẹ́ wọn. Nígbà tí ilé ẹ̀rọ Amazon ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà dákú ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Signal náà bá a dákú.

Nọ́ńbà fóònù lẹ ó fi wọlé, bí ẹ bá tilẹ̀ ń lo orúkọ ìdánimọ̀ tí wọ́n gbé dé ní 2024 láti fi nọ́ńbà pamọ́. Kí àwọn tó wà lókè òkun tó ṣì ń lo nọ́ńbà Nàìjíríà fetí sí èyí. Gẹ́gẹ́ bí òfin NCC, nọ́ńbà tí owó kò wọlé lórí rẹ̀ fún oṣù 6 lè di pípa. Tí oṣù 6 mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè fún ẹlòmíràn. Ẹni tuntun yẹn ni kóòdù tí Signal fi ń dá ẹni mọ̀ máa dé sórí fóònù rẹ̀. Ẹ tan Registration Lock, tó ń béèrè PIN tiyín pẹ̀lú, kó jẹ́ pé kóòdù nìkan kò ní tó. Gbájú-ẹ̀ tó ń pe ìyá ẹgbẹ́ pé "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi kóòdù kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín" náà, ibẹ̀ ló ń bá lọ. Kò sí títì ọ̀rọ̀ láti fóònù dé fóònù tó lè dá a dúró. Níhìn-ín ni XMPP àti Matrix ti sàn jù, àdírẹ́sì àti ọ̀rọ̀ aṣínà ni tiwọn.

Tó bá jẹ́ ìpè ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé ohùn áàpù kan mọ́ ju ti ìkejì lọ. Signal, Element àti Conversations, irinṣẹ́ ìpè kan náà, WebRTC, ni wọ́n ń lò, irinṣẹ́ kan náà, Opus, ló sì ń fún ohùn pọ̀ kó lè fúyẹ́. Ìyàtọ̀ wà ní ibi tí ohùn gbà kọjá. ITU, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ní kí ìdádúró má ju mílísẹ́kọ́ndì 150 lọ láti ẹnu dé etí kí ọ̀rọ̀ tó lè dùn ún bá lọ. Ọ̀pọ̀ fóònù ní Nàìjíríà wà lẹ́yìn àdírẹ́sì tí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń kó èèyàn púpọ̀ pọ̀, fóònù méjì kì í sì í sábà rí ara wọn tààrà. Server kan ní láti bá wọn gbé ohùn kọjá. Tí server yẹn bá wà ní Jámánì, ohùn ẹni tó wà ní Bódìjà máa rìn dé Yúróòpù kó tó padà sọ́dọ̀ ẹni tó wà ní Mọ́kọ́lá. Bí ẹ bá ń gbé server tiyín kalẹ̀, tí ìpè sì pọ̀ láàárín àwọn tó wà nílé, ẹ wá ẹ̀rọ àyálò ní Èkó fún iṣẹ́ yìí.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹgbẹ́ tí kò ní ẹni tó mọ̀ nípa server, tí ọ̀rọ̀ owó àti ẹjọ́ ìdílé sì ń kọjá láàárín wọn, kó mú Signal, kí wọ́n tan Registration Lock lọ́jọ́ kan náà. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ jù nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí.

Ẹgbẹ́ tó ní ẹ̀ka nílùú púpọ̀, tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fẹ́ dá dúró láìyapa, tó sì ní ẹni méjì (kì í ṣe ẹnìkan o) tó lè tọ́jú ẹ̀rọ, Matrix ló wà fún wọn. Bí ẹni kejì kò bá sí, ẹ fi sílẹ̀.

Èèyàn díẹ̀, fóònù tí kò lágbára, owó táṣẹ́rẹ́, pẹ̀lú ọ̀dọ́ kan tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà tó máa ṣọ́ ọ tọkàntọkàn: XMPP. Akọ̀ròyìn tàbí ajàfẹ́tọ̀ọ́ tí ẹ̀yìn àpòòwé lè kó sí wàhálà, kí ó má ṣe lò ó, kó lọ sórí Signal.

Ímeèlì kò ní jáde kúrò nínú èyíkéyìí tí ẹ bá mú. Ìwé òfin ẹgbẹ́, àkọsílẹ̀ ìpàdé àti ìṣirò owó ọdún, ibẹ̀ ni kí wọ́n máa gbà lọ, torí ibẹ̀ ni ẹ ti lè wá wọn rí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ẹ má sì ti WhatsApp pa lọ́jọ́ tí ẹ bá kó. Ẹ lo ibi méjèèjì fún oṣù kan tàbí méjì, kí akọ̀wé máa kọ orúkọ àwọn tí kò tíì dé, kí ẹnìkan sì lọ jókòó ti ìyá ẹgbẹ́ títí tí ohùn rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò fi wọlé síbi tuntun.